Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún un! Bí Gánà ṣe lé Ignace de Souza, afunfèrè ilé ijó Accra

Kò sí ọjà kan ní Ṣómólú tàbí ní Bàríga tí èèyàn yóò wọ̀ tí kò ní í rí báàgì yẹn. Ọ̀rá ni, ó fẹ̀, ó gba ẹrù, àwọ̀ búlúù, pupa àti funfun sì gba ara wọn kọjá lára rẹ̀ bí aṣọ ọmọ ilé-ìwé. Ìyá tó ń lọ ra ọjà ní Ìdúmọ̀tà ń gbé e. Ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ń sùn sí ń gbé e. Ẹni tí lanlọ́ọ̀dù fowó ilé kún fún, tó ń kó kúrò ní ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, òun náà ń gbé e. Bí wọ́n bá ní kí ni wọ́n ń pè é, ọmọdé pàápàá yóò dáhùn: Ghana Must Go.

Orúkọ yẹn ní ìtàn nídìí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní pépà ìgbélùú kúrò ní Nàìjíríà. Ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì yìí ni wọ́n sáré rà, inú rẹ̀ ni wọ́n di ẹrù sí, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ wọn ṣe lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Wọ́n ti gbàgbé. Kí Nàìjíríà tó lé Gánà, Gánà ti kọ́kọ́ lé Nàìjíríà, ó sì lé àwọn ará Tógò, Dàhòmì, Upper Volta àti Nàìjá mọ́ ọn. Ọdún 1969 ni. Ẹ bi àwọn àgbà ọjà tó gbọ́ èdè Twi léèrè, wọn yóò ròyìn.

Ìyá aláṣọ, ìyá aláta, télọ̀, bíríkìlà, gbogbo wọn ni lọ́rì kó. Nínú ìdààmú yẹn náà ni ọkùnrin kan wà tí kì í ṣe oníṣòwò rárá. Fèrè ló ń fun. Ignace de Souza lorúkọ rẹ̀. Ó ti mú ọ̀pọ̀ ará Accra jó, kó tó di pé ìjọba ní kó wá fi pépà hàn.

ỌMỌ KÚTỌNÚ NI

Ìlú Kútọnú ni wọ́n ti bí Ignace ní ọdún 1937, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣe ìjọba níbẹ̀, tí orúkọ ilẹ̀ náà ń jẹ́ Dàhòmì. Ọdún 1975 ni wọ́n tó sọ ọ́ di Benin. Kì í ṣe Ìbìní àwọn Ẹ̀dó o, ẹ má ṣì í mú. Orúkọ de Souza yẹn kò sì lè ṣàjèjì létí ọmọ Èkó. Orúkọ Àgùdà ni, bíi da Silva, Pereira àti da Rocha. Láti Pópó Àgùdà ní Èkó títí dé Àjàṣẹ́ àti Ouidah, àwọn tí baba ńlá wọn ti ilẹ̀ Brazil padà wá sílé, àti àwọn tó bá wọn tan, ló ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Fèrè idẹ tí wọ́n ń pè ní tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni Ignace yàn láàyò. Ó wọ báǹdì kan tí wọ́n ń pè ní Alfa Jazz ní Kútọnú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò bá ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kó yé yín pé báǹdì ijó ayé ọjọ́un kì í ṣe ti ẹni mẹ́ta tó gbé kíbọ́ọ̀dù dání. Ẹni mẹ́wàá, ẹni méjìlá, ló ń jókòó tẹ̀léra wọn pẹ̀lú kóòtù àti táì ọlọ́rùn labalábá. Àwọn onífèrè wà níwájú, onígìtá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, onílù wà lẹ́yìn, ọ̀gá báǹdì á sì dúró, á fi ọwọ́ darí wọn. Orin òyìnbó pọ̀ lọ́wọ́ wọn: wáàsì, tángò, bòléró, rúḿbà, ṣáṣáṣá. Ọkùnrin á na ọwọ́ sí obìnrin, wọn yóò jọ máa jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí ilẹ̀ tó ń dán.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn Ignace ju Kútọnú lọ. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú bá fẹ́ kọ́ òwò, ṣebí Èkó ló ń wá. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ báǹdì ijó, Accra ni yóò dorí kọ. Ignace kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi mọ́nà pọ̀n. Ọ̀nà etíkun tí gbogbo oníṣòwò mọ̀ ni: láti Kútọnú dé Ouidah, dé Grand-Popo, ó di Lomé, ó di Aflao tó jẹ́ bodè Gánà. Ẹnu ibodè meji ni, ilẹ̀ Faransé mẹ́jì lẹ́yìn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níwájú. Fèrè lọ́wọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ lẹ́nu.

KÍ LÓ WÀ NÍ ACCRA?

E.T. Mensah ló wà ní Accra. Ọkùnrin yìí àti báǹdì rẹ̀, Tempos, ló mú háìláìfù kúrò ní orin àwọn ọlọ́lá tó ń jó nínú gbọ̀ngàn, tí wọ́n fi di orin gbogbo èèyàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni Mensah ti ń kó báǹdì rẹ̀ wá sí Nàìjíríà. Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú, tí orin òyìnbó kún ọwọ́ òun àti Jam Session Orchestra rẹ̀, gbọ́ háìláìfù yìí, ó sì yíjú sí i. Nígbà tó yá, Bobby ṣí ilé ijó tirẹ̀, Caban Bamboo, sí Ikorodu Road. Ará Ṣómólú tó bá fẹ́ gbọ́ fèrè lálẹ́ Sátidé kò níṣòro púpọ̀, ọ̀nà kò jìn.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: nínú iṣẹ́ háìláìfù, kò sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ ní ìlú rẹ. Sammy Obot, ọmọ Calabar, ọmọ Nàìjíríà, ló darí Broadway, ọ̀kan lára àwọn báǹdì tó lókìkí jù ní Gánà. Stan Plange, ọmọ Gánà, ti ṣiṣẹ́ ní Èkó kó tó padà lọ gba báǹdì kan náà lọ́wọ́ Obot. Ẹni tó bá mọ fèrè fun, tó lè ka nóòtì, tí kò sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ọmọ báǹdì ni. Orin Yorùbá, orin Twi, orin Gàá, orin Gẹ̀ẹ́sì tó wó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ.

Ìjọba Gánà pàápàá fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1957 ni wọ́n gba òmìnira, Kwame Nkrumah sì fẹ́ kí ayé mọ̀ pé adúláwọ̀ ní ijó tirẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Workers' Brigade ní báǹdì ijó. Hòtẹ́ẹ̀lì ń ṣí, ilé ijó ń ṣí, iná ń tàn títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Nkrumah á tún dúró, á ní gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀ ọ̀kan ṣoṣo ni. Àlejò wo ni kò ní í gbà á gbọ́?

ỌMỌṢẸ́ GBA FÚRÍÌDỌ̀MÙ

Ní Bàríga, bí ọmọ bá kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì parí, ọ̀gá rẹ̀ á ṣe fúríìdọ̀mù fún un, wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á fún un ní sàtífíkéètì. Lẹ́yìn náà ló tó lè gbé páátákó tirẹ̀ síta. Iṣẹ́ báǹdì náà ní irú ìpele yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìrẹsì ńbẹ̀.

Ignace kọ́kọ́ wà lábẹ́ ọ̀gá. Ó bá Rhythm Aces ṣiṣẹ́, báǹdì tí Spike Anyankor ń darí. Ó tún bá Shambros ṣiṣẹ́, àwọn tó ń ṣeré ní ilé ijó Lido ní Accra. Níbẹ̀ ló ti kọ́ ohun tí àwọn tó ń jó kò rí: bí wọ́n ṣe ń kọ orin sílẹ̀ fún fèrè mẹ́ta, ìgbà tó yẹ kí orin dẹ̀ kí àwọn èèyàn lè ra bíà, ìgbà tó yẹ kó le kí wọ́n má baà lọ sílé. Ó tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá oníkíláàbù dúnàádúrà, èyí tó le ju fèrè lọ.

Ní ọdún 1961 ó gbé páátákó tirẹ̀ síta. Melody Aces ni báǹdì náà. Ní ọdún 1964, ó dá òmíràn sílẹ̀, Black Santiagos, èyí tí orúkọ rẹ̀ wá ró jù.

Kí ló wá fi yàtọ̀ sí àwọn tó kù? Etí rẹ̀ gbọ́ Faransé. Ìyẹn ni pé orin tó ń ti Kóńgò bọ̀, tí gìtá rẹ̀ ń dún bí omi tó ń sàn, tí wọ́n ń fi èdè Lingala àti Faransé kọ, kò ṣòro fún un rárá. Ó gbé orin Kóńgò yẹn, ó fi sáàárín háìláìfù Gánà, ó sì bá wọn lára mu. Ọmọ Gánà tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú Faransé ń jó o. Àbí ta ní ń béèrè ìtumọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti gbọ́?

Nígbà tó ku díẹ̀ kí àwọn ọdún 1960 parí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kó báǹdì rẹ̀ wá sí Gánà. Fela ni, pẹ̀lú Koola Lobitos. Black Santiagos wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba orin tuntun ọwọ́ Fela tọwọ́tẹsẹ̀ ní Gánà. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: ọmọ Dàhòmì, ní Accra, ń fun orin ọmọ Abẹ́òkúta tó ń gbé Èkó, fún àwọn Aṣáńtì àti Gàá láti jó. Kò sí aṣọ́bodè kankan tó dá orin yẹn dúró.

ÀWỌN ALÁTÀ

Àwọn olórin nìkan kọ́ ló gbàgbọ́ pé Gánà ti di ilé. Àwọn Yorùbá ti wà ńbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní Gánà ní ọdún 1960, Yorùbá nìkan tó nǹkan bí 100,000. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, Òfà, Ìníṣà, Ṣakí àti Ìgbẹ̀tì pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n wà ní Kumasi, wọ́n wà ní Tamale, wọ́n wà ní Accra. Abúlé kékeré tí ọkọ̀ kì í dé, ẹ ó bá ìyá Yorùbá kan níbẹ̀ tó tẹ́ igbá, tó to abẹ́rẹ́, òwú, ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ sí i.

Alátà ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Gánà. Ọṣẹ dúdú tí ẹ ń rà lọ́wọ́ àwọn ìyá eléwé-ọmọ, alátà samínà lorúkọ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ìyẹn ọṣẹ àwọn Alátà. Orúkọ yẹn ṣì wà lẹ́nu wọn dòní, àwọn òyìnbó pàápàá ti ń kọ ọ́ sára ike ọṣẹ.

Ṣùgbọ́n nǹkan yí padà. Owó kòkó já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé ní nǹkan bí ọdún 1965. Gbèsè wà lọ́rùn ìjọba. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1966, àwọn ṣọ́jà gbàjọba lọ́wọ́ Nkrumah nígbà tó rìnrìn àjò lọ sí Éṣíà. Iṣẹ́ dọ̀wọ́n, oúnjẹ dọ̀wọ́n. Tí ilé bá gbóná, àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò lójú. Wọ́n ní àwọn àjèjì ló gba ọjà, àwọn àjèjì ló ń jalè, àwọn àjèjì ló ń kó owó jáde. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, kì í sì í ṣe ní Gánà nìkan.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, ẹgbẹ́ Dókítà Kofi Busia wọlé ìbò. Ọ̀mọ̀wé tó kàwé dé Oxford ni. Kò pẹ́ tó dé orí àlééfà, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ìjọba rẹ̀ kéde pé àjèjì tí kò bá ní pépà ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì! Ní Ṣómólú níbí, lanlọ́ọ̀dù tó fẹ́ lé ayálégbé tó ń san owó ọdún, nótíìsì oṣù mẹ́fà ni òfin ní kó fún un. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ni ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, kò sẹ́ni tó jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá rẹ̀ wọ Gánà kí wọ́n tó ṣe pàsípọ́ọ̀tù, tí wọ́n bí òun náà síbẹ̀, tó bí ọmọ síbẹ̀, ibo ni yóò ti rí pépà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá?

Ojú rí nǹkan. Ẹni tó ta ọjà láwìn kò rí owó gbà, nítorí oníbàárà mọ̀ pé ọjọ́ mélòó kan ló kù, ó kàn ń sọ pé kí wọ́n padà wá lọ́la. Ẹni tó kọ́lé ta á ní owó yẹpẹrẹ. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ rọra ń pín in. Lọ́rì wọ́n, owó ọkọ̀ sì gun òkè. Àwọn ọkọ tí ìyàwó wọn jẹ́ ọmọ Gánà ń rò ó bóyá kí wọ́n mú un lọ ni àbí kí wọ́n fi sílẹ̀. Ó lé ní 100,000 èèyàn tó bá ọ̀nà lọ láàárín oṣù díẹ̀. Tí ará Nàìjíríà bá sì délé, ogun Biafra ló bá nílé. Ó ṣì ku nǹkan bí oṣù méjì kí ogun yẹn tó parí.

Yorùbá ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Àwọn Alátà rò pé àwọn ti ń ríran.

OHUN TÍ KÒ WỌ INÚ ÀPÒ

Àṣẹ náà kò ya oníṣòwò sọ́tọ̀ kúrò lára olórin. Ignace de Souza kò fi ti ẹnikẹ́ni ṣe, ọmọ Dàhòmì ni, àjèjì ni. Ó di ẹrù rẹ̀, ó sì padà sí Kútọnú.

Ẹlòmíràn á ní, kí ló wá burú níbẹ̀? Ṣebí ìlú rẹ̀ ni wọ́n dá a padà sí. Ṣebí fèrè rẹ̀ bá a lọ. Irọ́ kọ́. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí yóò yé jù. Bí wọ́n bá ní kí télọ̀ Bàríga kó kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè gbé maṣíìnì rẹ̀. Ṣé ó lè gbé àwọn ìyá tó mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ti ní ìwọ̀n ara wọn nínú ìwé rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá? Atẹ̀wé ní Shipeolu lè gbé ẹ̀rọ sórí ọkọ̀. Ṣé ó lè gbé àwọn tó ń kó iṣẹ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó wá fún un? Oníbàárà kì í wọ inú àpò.

Ti olórin tún le ju ti télọ̀ lọ. Báǹdì kì í ṣe fèrè kan. Àwọn tó ń lu ìlù fún un, tó mọ bí yóò ṣe gbọn orí kí orin tó yí, ọmọ Gánà pọ̀ nínú wọn, wọn kò sì ní bodè kankan láti kọjá. Oníkíláàbù tó ń pè é wà ní Accra. Èdè tó fi ń dá àwọn tó ń jó lẹ́rìn-ín wà ní Accra. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá dáadáa tó ti ń kó wọn jọ. Ọmọdé ló jẹ́ nígbà tó kúrò ní Kútọnú. Nígbà tó padà, ó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, ilé rẹ̀ sì ti di ibi tó ní láti tún mọ̀.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí níbi tó jìn sí ilẹ̀ adúláwọ̀, ó sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin Júù kan wà ní ìlú Berlin ní Jámánì, Dajos Béla ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Leon Golzmann lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Kiev, níbi tí wọ́n ti bí i ní 1897. Gòjé òyìnbó ló ń ta, èyí tí wọ́n ń gbé lé èjìká tí wọ́n ń pè ní violin. Kò jọ gòjé àwọn onísákárà tán, ṣùgbọ́n ọ̀já ni wọ́n fi ń fa àwọn méjèèjì, ọmọ ìyá ni wọ́n. Báǹdì ijó tirẹ̀ wà lára èyí tó lókìkí jù ní Berlin láàárín ọdún 1920 sí 1933. Àwọn tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù Odeon ń gbé àwo rẹ̀ jáde lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n ń tà á káàkiri.

Hitler gbàjọba ní oṣù kìíní ọdún 1933. Wọ́n ní Júù kò gbọdọ̀ ṣeré fún ọmọ Jámánì mọ́. Àwọn tó ń fi orin ọkùnrin yìí ṣe ìgbéyàwó lánàá ni wọ́n wá sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò mọ́. Dajos Béla sá kúrò lọ́dún yẹn gan-an. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú ní Yúróòpù, títí ó fi rí iṣẹ́ ní Buenos Aires, olú ìlú Àjẹntínà, ní 1935. Ibẹ̀ ló ti tún báǹdì tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Àjẹntínà náà ló gbé títí ó fi kú ní 1978. Òun tètè rìn ló ṣe yè é. Àwọn Júù bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ni Hitler àti àwọn èèyàn rẹ̀ pa.

Ọ̀rọ̀ Busia kò tó ti Hitler, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi wé e. Busia kò ní kí wọ́n pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní ti iṣẹ́ ọwọ́, ohun kan náà ni olùta gòjé àti afunfèrè pàdánù: àwọn èèyàn tó mọ̀ wọ́n láàárín òru, tí wọn kò mọ̀ wọ́n mọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

KÚTỌNÚ TI YÀTỌ̀

Ignace kò fi fèrè kọ́ ìṣó. Ó tún Black Santiagos tò ní Kútọnú. Ṣùgbọ́n ọjà ti kún ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké ti dìde ńbẹ̀. Poly-Rythmo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, ti ń gba ìgboro kan: wọ́n ń kọ orin Kóńgò, wọ́n ń kọ orin sóòlù Amẹ́ríkà, wọ́n ń kọ orin Fela, wọ́n sì ń fi ìlù ìbílẹ̀ Fọ̀n sí i. Ohun tí Ignace fi jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀ ní Accra, ìyẹn Faransé àti orin Kóńgò, kò jẹ́ nǹkan tuntun ní Kútọnú. Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Háìláìfù tó gbé bọ̀ láti Gánà ló wá di ẹrù àjèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Gánà, ó jẹ́ ọmọ Dàhòmì. Ní Dàhòmì, ó di ará Gánà.

Síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣe àwo, ó ń ṣeré. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kì í jókòó.

ÌGBÀ Ò LỌ BÍ ÒRÉRÉ

Gánà náà kò rọgbọ. Lílé àwọn àjèjì kò mú owó kòkó gòkè, kò sì sọ oúnjẹ di ọ̀pọ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko kòkó wà lára àwọn tó lọ. Àwọn ìyá tó ń gbé ọjà dé abúlé ti lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1972, àwọn ṣọ́jà Acheampong gbàjọba lọ́wọ́ Busia nígbà tó wà ní London. Kò padà sílé mọ́. Ní Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kú sí ní oṣù kẹjọ ọdún 1978, ọdún kan náà tí Dajos Béla kú sí Àjẹntínà. Ẹni tó fún àjèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì, ilẹ̀ àjèjì ni òun náà lo ìparí ayé rẹ̀.

Owó epo wá dé sí Nàìjíríà. Ọmọ Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ Èkó, Ṣómólú àti Bàríga kò sì yọ sílẹ̀ nínú ibi tí wọ́n yà sí. Títà àti rírà ti le ní ìlú wọn. Tíṣà ni àwọn kan, àwọn mìíràn ń ṣe bàtà, wọ́n ń ran aṣọ, wọ́n ń mọ ilé, wọ́n ń se oúnjẹ. Olórin náà wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ olórin Gánà ló wá ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù àti eré ní Nàìjíríà nígbà tí ilé ijó Accra kò lówó mọ́. Nígbà tí ìjọba Rawlings sì fi òfin kónílé-ó-gbélé dè wọ́n ní 1982, ta ní fẹ́ jó lóru?

Ìyẹn ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí oṣù kìíní ọdún 1983 dé. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ wọn. Àbí ẹ ò rí i, ọ̀sẹ̀ méjì kan náà! Tíṣà fi kíláàsì sílẹ̀, oníbàtà fi bàtà oníbàtà sílẹ̀. Wọ́n dé ẹnu bodè, wọ́n rí i pé Gánà ti ti bodè òun àti Tógò pa láti 1982. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn há sí ọ̀nà Benin, ọmọdé, àgbà, aláboyún, kí wọ́n tó ṣí i fún wọn ní ìparí oṣù náà. Ní 1985, lábẹ́ ìjọba Buhari, wọ́n tún lé àwọn tó kù àti àwọn tó yọ́ padà.

Ẹnu bodè Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá, wọ́n gba Kútọnú, ìlú Ignace de Souza. Ọ̀nà tó gbà padà sílé ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá ṣáájú ni àwọn náà ń tọ̀, wọ́n kàn dojú kọ ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ni, òun dojú kọ ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn.

Ignace ti dolóògbé báyìí. Ní àwọn ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Original Music kó àwọn orin tí òun àti Melody Aces ṣe ní Gánà jọ sínú àwo kan. Orúkọ tí wọ́n fún àwo náà ni The Great Unknowns, àwọn ẹni ńlá tí ayé kò mọ̀. Ẹni bá gbọ́ ọ yóò gbọ́ fèrè rẹ̀ níbẹ̀ ketekete, tó ń dún bíi pé Lido ṣì kún, tí kò sì sẹ́ni tó tíì béèrè pépà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.